Ìgbà wo ni mọ́tò yín ń gbóná? Ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó gásíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí, mọ́tò tó ti pẹ́ lọ́wọ́, irú èyí tí bàbá tàbí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín, tàbí èyí tí ẹ fi owó ọwọ́ yín rà kí ẹ má bàa jẹ gbèsè. Láti Houston ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí oòrùn oṣù keje àti oṣù kẹjọ ti máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ dákú sójú ọ̀nà.

Ìbéèrè tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi jù ni pé, "Bọ̀dá, mọ́tò mi ń overheat, kí ni kí n pààrọ̀?" Èmi náà á wá béèrè tèmi: ìgbà wo ló ń gbóná? Ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, àbí ìgbà tí ẹ bá ń sáré lórí márosẹ̀? Ṣé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ ṣíná sí i ni, àbí lẹ́yìn wákàtí kan? Ẹni tó bá lè dá mi lóhùn ti bá mẹkáníìkì ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, á ra tẹ́mósítáàtì, á ra rédíétọ̀, á ra pọ́ǹpù, mọ́tò á sì tún máa gbóná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí omi ṣe ń rìn nínú ẹ́ńjìnnì. Toyota Camry 2003 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ní Nàìjíríà, oní-silíńdà mẹ́rin, lítà 2.4. Ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ bákan náà.

Bí epo ṣe ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, apá díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ló ń yí táyà. Ooru ni ìyókù. Díẹ̀ nínú ooru yẹn ń bá èéfín jáde lẹ́yìn mọ́tò, díẹ̀ sì kù sára irin, omi ló gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Omi tí mo ń wí kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán o. Kúláǹtì ni, ìdajì omi, ìdajì glycol. Pọ́ǹpù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń tì í kiri. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, tẹ́mósítáàtì á ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, bí aṣọ́bodè tó ti géètì. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Tí kúláǹtì bá ti gbóná tó nǹkan bí 82°C, ìda náà á yọ́, á wú, géètì á ṣí. Omi gbígbóná á gba họ́ọ̀sì òkè wọ inú rédíétọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á tutù, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó o. Tó bá dúró sójú kan, fáànù oníná ló ń fẹ́ ẹ.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ìdérí rédíétọ̀. Omi lásán ń hó ní 100°C. Kúláǹtì ìdajì-ìdajì ń hó ní nǹkan bí 106°C. Ṣùgbọ́n ìdérí tó lè di ìfúnpá 15 psi mú kò ní jẹ́ kó hó títí á fi sún mọ́ 129°C. Ìyẹn ni pé ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti là ti gba ààbò ńlá lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì mọ̀. Kò wọ́n, òun sì nìkan ni mo gbà kí ẹ rà láìṣe ìwádìí kankan.

Ó dáa. Ká ní ẹ wà lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ géèjì sì ti kọjá àárín, ó ń lọ sí ibi pupa. Ẹ pa AC. Ẹ tan híítà sí ibi tó gbóná jù, kí fáànù rẹ̀ máa fẹ́ tagbáratagbára. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ooru Texas! Rédíétọ̀ kékeré ni híítà náà, ooru tó bá fẹ́ sí yín lára ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ wá ibi tó láàbò, ẹ yà sí i, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé ilé ò jìnnà mọ́, pé exit méjì péré ló kù. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yìí. Tó bá gbóná kọjá ààlà, ó máa ń tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì á sì jó. Exit méjì yẹn ló ń sọ ìṣòro $20 di ìṣòro $2,000. Owó ọkọ̀ tó máa wọ́ mọ́tò yín lọ sílé kò tó ìyẹn.

Ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná. Omi tó wà nínú rẹ̀ ti lè gbóná ju 110°C lọ, ìdérí yẹn nìkan ni kò jẹ́ kó hó. Bí ẹ bá ṣe ń ṣí i ló máa di oru, tó máa tú sí yín lójú àti láyà. Ẹ dúró, ó kéré tán, fún wákàtí kan. Ẹ rọra fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè: tó bá ṣì gbóná, tó sì le gbagidi, ẹ fi sílẹ̀. Omi tútù náà kò gbọ́dọ̀ dé inú ẹ́ńjìnnì tó gbẹ, tó sì ń jó fòfò. Irin lè sán.

Kí n tó wọ inú ìwádìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ géèjì yẹn, nítorí ó máa ń tan èèyàn jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, wọ́n ṣe é kó dúró sójú kan ní àárín bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, kí ọkàn awakọ̀ lè balẹ̀. Ìgbà tó bá fi máa gbéra, nǹkan ti ń bàjẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé tí kúláǹtì bá ti jò tán, ohun tó ń wọn ooru kò sí nínú omi mọ́, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Abẹ́rẹ́ lè wálẹ̀ nígbà yẹn, ẹ ó rò pé ara mọ́tò ti yá. Gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò OBD2 lábẹ́ sitẹ́ríìnì. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré oní-Bluetooth tó ń wọ ibẹ̀, kó máa fi iye ooru gan-an hàn yín lórí fóònù. Tó bá wà láàárín 180°F sí 205°F, ẹ máa lọ. Tó bá ń sún mọ́ 230°F, ẹ wá ibi tí ẹ máa yà sí.

Wàyí o, ìgbà wo ló ń gbóná?

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò bá dúró ló ń gbóná, nínú gó-sílòó tàbí níbi tí ẹ ti ń dúró de oúnjẹ ní drive-through, tó sì ń tutù ní kété tí ẹ bá bọ́ sórí márosẹ̀, atẹ́gùn ni kò dé ibẹ̀. Fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lára Camry yìí, ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ ṣíná sí mọ́tò, ẹ tan AC, ẹ lọ wo fáànù méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n máa yí. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, nítorí fáànù oníná lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí ọ̀kan kò bá yí, ẹ wo fíúùsì rẹ̀, ẹ fi relay mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an pààrọ̀ tirẹ̀ wò. Tí kò bá ṣì yí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fa iná tààrà láti bátìrì sí i. Tó bá yí pẹ̀lú iná tààrà, fáànù kò ní àrùn, wáyà ló yẹ ká yẹ̀ wò. Tí kò bá yí, fáànù ti kú. Tí méjèèjì bá sì ń yí dáadáa, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín condenser AC àti rédíétọ̀. Ewé gbígbẹ, kòkòrò àti ọ̀rá lè ti di ojú ibẹ̀ pa.

Tó bá wá jẹ́ òdìkejì, tó tutù nínú ìlú, ṣùgbọ́n tó ń gbóná tí ẹ bá ń sáré tàbí tí ẹ bá ń gun òkè, a jẹ́ pé atẹ́gùn tó, omi ni kò rìn tó. Inú rédíétọ̀ lè ti dí pẹ̀lú ìdọ̀tí àti ìpẹtà. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ lè ti rọ̀ débi pé pọ́ǹpù ń fà á mọ́ra bí ẹni tó ń fi sitíróò mu wàrà tó ki. Bẹ́líìtì lè máa yọ̀. Pọ́ǹpù tó ń kú lọ máa ń jò láti ihò kékeré kan lára rẹ̀, ẹ ó rí i tí kúláǹtì gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀, àwọ̀ pupa tàbí funfun.

Tó bá sì ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ ṣíná sí i láàárọ̀, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjèèjì pẹ̀lú ìṣọ́ra. Tí tòkè bá gbóná gidi, tí tìsàlẹ̀ sì tutù bí omi àmù, tẹ́mósítáàtì ti há, kò ṣí. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná ṣùgbọ́n híítà ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kúláǹtì ti lọ sílẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ẹ fọwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń jókòó níwájú, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn dídùn bí ṣúgà nínú mọ́tò, tí ojú gíláàsì sì ń ṣú pẹ̀lú nǹkan bí ọ̀rá, rédíétọ̀ kékeré híítà ló ń jò.

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Camry 2003 bàbá rẹ̀ ló ń wà. Ṣọ́ọ̀bù kan sọ fún un pé top gasket ni, $2,200. Bàbá rẹ̀ ní kí ó má san kọ́bọ̀, kí ó wá ẹni tó máa yọ tẹ́mósítáàtì dànù, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èkó nìyẹn. Ó wá há sáàárín méjèèjì. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń gbóná. Ó ní inú gó-sílòó nìkan, pàápàá tí AC bá wà ní títàn, àti pé tó bá ti dé Beltway 8 tó ń sáré, abẹ́rẹ́ á padà. Mo ní kó tan AC, kó ya fídíò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Fáànù kan ń yí, èkejì dúró bí ère.

Ẹ má fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tó sọ ní ìdí. Ní ilé, kò sí òtútù yìnyín, ọ̀pọ̀ mọ́tò tókunbọ̀ ló sì ti ń mu omi ẹ̀rọ lásán fún ọdún pípẹ́. Omi lásán máa ń mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà á sì mú kí tẹ́mósítáàtì há sí títì. Mẹkáníìkì tó yọ ọ́ ti rí i pé kò tún ní há mọ́ láé. Ẹ tún rántí pé níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú iná mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní réwáyà, yàtọ̀ sí mẹkáníìkì. Fáànù tí kò yí, iṣẹ́ réwáyà ni, mẹkáníìkì á sì ṣe èyí tó wà ní ìkáwọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí ẹ bá yọ tẹ́mósítáàtì, fáànù tó kú kò jí. Ẹ́ńjìnnì á wá máa tutù jù tí ẹ bá ń sáré, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé kò tíì móoru, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Láìpẹ́, iná check engine á tàn pẹ̀lú kóòdù P0128. Ní Harris County tí a wà yìí, mọ́tò tí iná yẹn bá wà lójú rẹ̀ kò lè yege ìdánwò èéfín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago tàbí Toronto tiẹ̀ ńkọ́? Tó bá di oṣù kìíní, híítà tí kò gbóná á kọ́ yín ní ohun tí tẹ́mósítáàtì wà fún. Tí Dádì bá tẹnu mọ́ ọn, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo fáànù ná." Ó máa ń ṣiṣẹ́.

Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì jó lóòótọ́ nínú mọ́tò mìíràn, mi ò ní kí ẹ máa pe gbogbo mẹkáníìkì ní olè. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: ìdánwò wo lẹ ṣe? Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó máa ń fi àmì hàn. Kúláǹtì á máa dínkù láìsí ibi tó jò sí. Èéfín funfun tó ní òórùn dídùn á máa jáde lẹ́yìn mọ́tò, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti móoru. Ọ́ìlì lè dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Họ́ọ̀sì òkè á le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ ṣíná sí mọ́tò tó tutù, kí ooru tiẹ̀ tó dé ibẹ̀. Èyí tó dá mi lójú jù ni ìdánwò olómi aláwọ̀ búlúù: wọ́n á gbé ife kan lé ẹnu rédíétọ̀, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gba inú oògùn náà kọjá. Tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ti ń wọ inú kúláǹtì, búlúù á di yẹ́lò. Ẹ lè yá irin iṣẹ́ lọ́wọ́ AutoZone, ẹ ó fi owó dúró, wọ́n á dá a padà tí ẹ bá dá irin iṣẹ́ wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Camry 2002 sí 2006 oní-lítà 2.4, ẹ fetí sí èyí. Ẹ́ńjìnnì yẹn, 2AZ-FE lorúkọ rẹ̀, ní àléébù kan tí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ dáadáa. Àwọn bóòtù tó di orí rẹ̀ mú, pàápàá àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn, máa ń tú eyín inú alumíníọ̀mù tí wọ́n há mọ́. Orí á gbéra díẹ̀, kúláǹtì á máa jò sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kì í tètè dé. Tí wọ́n bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i láìtún ihò bóòtù ṣe, owó yín ti wọmi. Wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò náà, kí wọ́n fi eyín irin tuntun sí i. Tí ẹni tó fẹ́ gba $2,200 kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá bi í, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yín.

Tó bá jẹ́ tẹ́mósítáàtì ló há, ẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ tú kúláǹtì sínú abọ́ láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Nínú Camry yìí, ẹ tọ họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ dé ibi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì méjì ló di ilé tẹ́mósítáàtì mú. Àyè ibẹ̀ fún, ẹ ó fi awọ ìka yín ṣe sàráà díẹ̀. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ gbé e sínú ìkòkò omi tó ń gbóná, ẹ wò ó bóyá ó ń ṣí. (Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ Mọ́mì o!) Ẹ fi rọ́bà tuntun yí i ká, kí pín-ìn-nì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ kọjú sókè, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Ẹ rọra di nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ má fi gbogbo agbára dì í.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ń da kúláǹtì padà. Kúláǹtì Toyota aláwọ̀ pinki ti ní omi nínú, ẹ má tún bomi là á. Ẹ má da aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rọra da á títí dé ẹnu, ẹ tan híítà sí gbígbóná jù, ẹ ṣíná sí mọ́tò láìfi ìdérí dé e. Ẹ máa fọwọ́ tẹ àwọn họ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń móoru, ẹ ó rí afẹ́fẹ́ tí ń hó jáde, omi á lọ sílẹ̀, ẹ ó fi kún un. Ẹ dúró títí híítà á fi máa fẹ́ ooru gidi, tí afẹ́fẹ́ kò sì jáde mọ́, kí ẹ tó dé e. Ẹ kún ìgò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé àmì.

Kúláǹtì àtijọ́ yẹn, ẹ má fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí driveway. Ó dùn lẹ́nu, ajá á lá a, ọmọ kékeré á tọ́ ọ wò, májèlé tó ń pa kíndìnrín ni. Ẹ má sì dà á sínú gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣíná sí i, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ìgò ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tó bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kún un, afẹ́fẹ́ tó kù ló jáde. Tó bá ṣì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ń jò níbì kan, ẹ padà lọ wo abẹ́ mọ́tò. Ẹ kọ ìgbà tí mọ́tò yín ń gbóná sísàlẹ̀ fídíò yìí, irú mọ́tò náà àti ọdún rẹ̀, màá dáhùn èyí tí mo bá lè dáhùn. Ó dìgbà kan ná.